Àdéhùn Páríìsì: gbèsè ni wọ́n jẹ àgbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìwàásù

Ọ̀rọ̀ kòkòrò àgbàdo àti ajílẹ̀ á sinmi lónìí. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo gbé wá. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, torí ó kan àpò gbogbo wa.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní agbègbè wa, bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n á pín báírò àti ìwé, wọ́n á pín ìpanu àti omi inú ọ̀rá. Ẹnìkan á wá gba makirofóònù, á ní: "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ yéé sun igbó. Ẹ yéé gé igi. Ẹ yéé fi igi dáná. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ojú ọjọ́ jẹ́." A ó pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, oníkálukú á gbalé lọ.

Mo lòdì sí ìwàásù yẹn. Kì í ṣe pé igbó sísun dára o, kò dára rárá, màá dé ibẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwàásù náà yí ẹjọ́ po: ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè di ẹni tó jẹ gbèsè. Ìwé àdéhùn tí àwọn ìjọba àgbáyé fọwọ́ sí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lówó ni kó ṣáájú nínú dídín èéfín kù, kí wọ́n sì fi owó ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà fúnra wa.

TA LÓ TI KÓ ÈSÚSÚ?

Kò sẹ́ni tí kò mọ èsúsú ní Èjìgbò. Ká ní èèyàn méjìlá jọ dá a. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kó tiwọn, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi ra mọ́tò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan àwọn tó kù, àwọn mẹ́ta yẹn dìde, wọ́n ní àpótí ti fẹ́ gbẹ o, kí gbogbo wa jọ fún ìgbànú mọ́ra lọ́gbọọgba. Ṣé ẹ máa gbà? Ẹ ò ní gbà. Ẹ máa ní kí àwọn tó ti kó kọ́kọ́ dá tiwọn padà ná.

Bí ọ̀rọ̀ èéfín tó ń mú ayé gbóná ṣe rí gan-an nìyẹn. Èéfín epo rọ̀bì, èéfín èédú inú ilẹ̀, èéfín gáàsì, gbogbo rẹ̀ ń kó jọ sínú afẹ́fẹ́ òkè, ó ń bo ayé bí ìgbà téèyàn fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú ooru. Kì í tètè lọ. Èyí tí wọ́n tú jáde nígbà ayé bàbá ńlá wa, apá kan tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀ títí dòní.

Nínú gbogbo èéfín kábọ̀nù tí ọmọ aráyé ti tú jáde láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ti bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lónìí, Ṣáínà ló ń tú èyí tó pọ̀ jù jáde lọ́dọọdún. Gbogbo Áfíríkà pátá, láti Kírò títí dé Cape Town, tiwa kò tó 4 nínú 100. Tí ẹ bá wá yọ Nàìjíríà sọ́tọ̀, ká yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ká wá yọ Èjìgbò, Masífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mélòó ló kù tó jẹ́ ti ìyá tó ń fi igi yan gàrí? Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

KÍ NI WỌ́N FỌWỌ́ SÍ?

Ọdún 1992 ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá ní Rio ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹrù wọn kò dọ́gba.

Ní 1997, ní Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n kọ iye tí orílẹ̀-èdè olówó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dín kù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin wọn kò fọwọ́ sí i títí tó fi di ìgbàgbé. Kánádà ní tirẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò ní 2011.

Ní 2009, ní Copenhagen, àwọn olówó ṣèlérí: tó bá fi máa di 2020, àwọn á máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì lówó. Ọdún 2020 dé, owó kò pé. OECD, ẹgbẹ́ àwọn olówó fúnra wọn, ló ka owó náà, tí wọ́n ní 2022 ni ìgbà àkọ́kọ́ tó pé. Ọdún méjì lẹ́yìn àdéhùn! Púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó yíyá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: yíyá. Ẹni tó fi mọ́tò gbá ọ, ó wá yá ọ lówó ilé ìwòsàn, ó tún ń gba èlé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2015, wọ́n ṣe àdéhùn ti Páríìsì tí gbogbo èèyàn ń pariwo. Wọ́n ní kí ooru ayé má ju ìwọ̀n 2 lọ sókè sí bó ṣe wà kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì gbìyànjú kó má kọjá ìwọ̀n 1.5. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa kọ iye tó fẹ́ dín kù fúnra rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí owó ìtanràn. Amẹ́ríkà wọlé, Donald Trump ní àwọn á jáde ní 2017, wọ́n jáde ní 2020, Joe Biden mú wọn padà ní 2021, Trump tún fọwọ́ sí ìwé ìjáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025. Àlejò tó ń wọlé, tó ń jáde báyìí, ṣé ẹ lè gbé owó èsúsú lé e lọ́wọ́? Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí lọ́wọ́, ọdún 2024 fúnra rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n 1.5 yẹn, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 2022, ní Íjíbítì, wọ́n gbà láti dá àpò kan sílẹ̀ fún àdánù àti òfò. Ní 2024, ní Baku, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ní 1.3 tírílíọ̀nù dọ́là lọ́dún ni àwọn nílò. Àwọn olówó ní àwọn á ṣáájú nínú kíkó 300 bílíọ̀nù jọ lọ́dún. Ìgbà wo? Tó bá fi máa di 2035. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ lónìí, á ti wà á, á tún un gbìn, á tún un wà, ẹ̀gẹ́ máa sú u kí ọdún yẹn tó dé.

ÀWA NÁÀ TI FỌWỌ́ SÍ I, ORÚKỌ YÍN SÌ WÀ NÍBẸ̀

Ìjọba Nàìjíríà ti fi ìwé tiwa ránṣẹ́. Nínú èyí tí wọ́n kọ ní 2021, wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, a máa fi agbára ara wa dín èéfín wa kù ní 20 nínú 100 sí iye tí ì bá jẹ́ tí a kò bá ṣe nǹkan kan. Tí àwọn olówó bá ràn wá lọ́wọ́, a máa dín in kù dé 47. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 47, ó ku 27. 27 yẹn ni ẹnu gbèsè náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ bi wá léèrè rẹ̀ láìmú owó rẹ̀ wá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 yẹn kan náà, Ààrẹ Buhari lọ ṣèlérí ní Glasgow pé ní 2060, èéfín wa á di òfo. Ó padà wálé, ó fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú ọjọ́ nínú oṣù yẹn.

Kí ló wà nínú ìwé 2021 náà tó kan àgbẹ̀? Wọ́n ní kí koríko àti igi ohun ọ̀gbìn tí à ń sun lóko dín kù dé ìdajì. Wọ́n ní kí nǹkan bí ìdajì ará ìlú máa fi gáàsì dáná, kí àwọn mìíràn máa lo ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀. Wọ́n ní kí iná gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń sun dànù kú pátápátá ní 2030.

Ẹ dúró níbi iná gáàsì yẹn díẹ̀. Ní 1979 ni wọ́n ti ṣe òfin ní Nàìjíríà pé kó kú ní 1984. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta, tọ̀sán tòru. Ìjọba tí kò lè pa iná ilé iṣẹ́ ńlá fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ fún ìyá tó ń yan gàrí ní Masífà pé kó pa iná tirẹ̀? Fún un ní ààrò ná. Jẹ́ kí owó gáàsì wálẹ̀ ná. Kó o tó wá bá a wí.

Owó náà ńkọ́? IFAD, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àgbẹ̀ kékeré, gbé ìwádìí jáde ní 2020 pé nínú gbogbo owó tí ayé ń ná lórí ìyípadà ojú ọjọ́, èyí tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kékeré kò tó 2 nínú 100. Àwa tí òjò ń ṣe ní ṣúta jù, àwa ni owó kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ÀWỌN TÓ MÁA TAKÒ MÍ

Mo mọ̀ pé àwọn kan á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá."

Kò kàn yín kẹ̀? Ta ló gbin àgbàdo àkọ́kọ́ sí òjò tó tàn án jẹ, tó tún wá owó ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì? Èbù iṣu ta ló jóná sínú ebè nítorí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó lọ, tí kò padà bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé ẹ ti gbàgbé 2022? Omíyalé ọdún yẹn pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Omi gba ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ epo há síbẹ̀. Ẹni tó ń retí ọjà láti òkè ọya mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Tí ẹ bá sì rò pé ìwé òkèèrè kì í dé oko, ẹ pe àwọn ará wa ní Àbíjàn lórí fóònù. Èjìgbò àti ilẹ̀ Ivory Coast, ẹ̀yìn ọ̀la kọ́ ni wọ́n ti ń bára wọn ṣe. Àwọn tó ń ṣe kòkó níbẹ̀ á sọ fún yín pé ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023: kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́yìn oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà wà. Àgbẹ̀ tó ní pílọ́ọ̀tì méjì gbọ́dọ̀ fi hàn pé oko òun kò ba igbó jẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ lókèèrè ti dé ìdí kòkó.

Àwọn mìíràn á ní, "Owó náà bá dé, àwọn tó wà lókè á jẹ ẹ́ ni." Èyí lágbára, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló mú kó rọrùn láti jẹ ẹ́? Nítorí pé ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé owó kan ń bọ̀. Owó tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti fi ìwé béèrè, tí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, tí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ káńsù àti lọ́wọ́ aṣojú yín, kò rọrùn láti jẹ bíi èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kí a máa sun igbó wa lọ nìyẹn?" Rárá o! Ẹ má sun ún. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí Páríìsì má sun ún. Ẹ tìtorí ilẹ̀ yín ni. Iná ń pa ekòló, ó ń sọ ilẹ̀ di asán, ó ń jó oko kaṣú àti ọ̀pẹ aládùúgbò, ó ń dá ìjà sílẹ̀. Koríko tí ẹ bá tẹ́ sórí ebè ń pa òùngbẹ ilẹ̀, ó sì ń jẹrà di ajílẹ̀ tí ẹ kò fi kọ́bọ̀ rà. Àǹfààní tiyín nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìrònúpìwàdà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò ṣẹ̀.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÌTẸ̀KA

Ohun kan tún wà tó ń bọ̀ lọ́nà. Àdéhùn Páríìsì gbà kí orílẹ̀-èdè kan ra èéfín tí orílẹ̀-èdè mìíràn dín kù, ní Baku ni wọ́n sì ti parí ìlànà rẹ̀ ní 2024. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rè é: ilé iṣẹ́ kan lókèèrè kò fẹ́ pa iná tirẹ̀, ó wá sanwó fún ẹni tó máa gbin igi tàbí tí kò ní gé igi níbòmíràn. Wọ́n á ka igi yín mọ́ ìwé tiwọn. Ní Láíbéríà ní 2023, ilé iṣẹ́ kan láti Dubai bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí nǹkan bí mílíọ̀nù kan hẹ́kítà igbó fún irú òwò yìí, àwọn ará ìlú àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì figbe ta pé ta ló bi àwọn onílẹ̀.

Mi ò ní gbogbo rẹ̀ burú. Àgbẹ̀ lè rí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé kí ẹ tẹ ìka, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan íńkì:

– Ọdún mélòó ni? (Ìwé ogójì ọdún, ọmọ yín lẹ ń bá tẹ̀ka yẹn.)
– Ṣé mo ṣì lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ náà?
– Eélòó ni wọ́n ń ta á lókèèrè, eélòó ló kàn mí níbẹ̀?
– Tí iná bá jó igi náà, ta ló jẹ gbèsè?
– Ìwé náà lédè Yorùbá dà?

Tí kò bá lè dáhùn, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ sìn ín sọ́nà.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí ẹ gbìn, ọjọ́ tí ẹ tún gbìn, iye tí ẹ pàdánù. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀. Tí ẹ kò bá lè kọ, kí ọmọ bá yín kọ ọ́. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn wà ní UNIOSUN ní Èjìgbò níbí, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún àwọn náà.

2. Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè béèrè owó àdéhùn àgbáyé. Ogún àgbẹ̀ tó ní ìwé ẹgbẹ́ àti àkáǹtì lè béèrè.

3. Ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òṣogbo. Ẹ má kọ "ẹ ràn wá lọ́wọ́". Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́. NiMet ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò lọ́dọọdún, ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa dáwọ́ dúró: ẹ ní kí wọ́n kà á lédè Yorùbá lórí rédíò kí oṣù Kẹta tó wọlé. Ẹ béèrè kànga fún oko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ béèrè ààrò tuntun fún ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ béèrè irúgbìn tó ń tètè so.

4. Ẹ béèrè nípa NAIC, ilé iṣẹ́ adójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ lágbègbè wa.

5. Nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé, ẹ lọ. Ẹ gba báírò wọn. Tí wọ́n bá ní ìbéèrè dà, kí ẹnìkan nínú yín dìde, kó ní: "Ẹ ṣeun, ẹ ti sọ ohun tí a máa ṣe. Nínú owó tí wọ́n ṣèlérí ní Copenhagen àti Baku, èwo ló kan Èjìgbò, ọ̀dọ̀ ta ló wà, ọjọ́ wo ló ń bọ̀?" Kó jókòó. Kí ìpàdé dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Àwa òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wa ló ń bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀, a kò sì lè dé gbogbo abúlé. Nítorí náà, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ yín, kí ẹ kà á fún àwọn tí kò lè kà. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: ọjọ́ wo ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóko yín lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbin àgbàdo? Màá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó fi kún lẹ́tà tí a máa kọ sí káńsù.

Àdéhùn ti wà nílẹ̀ láti 1992. Ẹni tó jẹ gbèsè kò ní wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ̀yin lẹ máa lọ kan tirẹ̀.

Ire o. Oko á ṣe é jẹ, ọjà á tà.